Màmá Amọ̀kòkò àti Òkúta Dúdú

Lọ́dún 1993, nínú ọkọ̀ tó ń ti yunifásítì bọ̀ wá sí Ẹ̀núwá, olùkọ́ físíìsì kan ń dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá amọ̀kòkò tó jókòó tì í.

“Màmá, ẹ ṣeun gan-an. Òkúta dúdú tí mò ń mọ, tí mo sì ń sun fún ìwádìí mi, kì í là mọ́. Mo fi í sílẹ̀ nínú ààrò láì ṣí i títí tó fi tutù fúnra rẹ̀, bí ẹ ṣe ní ẹ ń ṣe ìkòkò yín. Tí mo bá wá mú kó tutù ju yìnyín lọ fíìfíì, iná mànàmáná á gba inú rẹ̀ kọjá láìdínkù.”

“Báwo?”

“Àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, àwọn nǹkan tíntìntín tó ń gbé iná, há mọ́ra bí èrò ọjọ́ ọdún, síbẹ̀ wọ́n jọ ń rìn. Ìdí rẹ̀ ò tíì yé ẹnikẹ́ni.”

“Ọmọ mi, má kánjú ṣí ìyẹn náà. Jẹ́ kó tutù.”