Wọ́n Ní Ọmọ Mi Kò Dáhùn

Ẹ bá mi gbé Jésù ga! Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbé e ga dáadáa, nítorí ẹnu tèmi nìkan kò gbà á! Ọba tó gbọ́ ohun tí ènìyàn kò gbọ́, mo dúpẹ́. Ọba tó gba ẹjọ́ ọmọ mi rò, mo dúpẹ́ o!

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí, èmi ni Ìyá Fúnmi, tí mo ń ránṣọ lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìlọrà, níhìn-ín ní Fìdítì. Fúnmiláyọ̀ náà nìyẹn, tó jókòó sí ìlà kejì, tó fi ọ̀pá rẹ̀ ti àga. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an. N kò ní fi kún un, n kò sì ní yọ nínú rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà tó kọjá, Fúnmi lọ kí ìyá mi ní Akínmọ̀rìn. Nígbà tó ń bọ̀, ọ̀kadà tó gbé e yọ̀ lórí yanrìn, ó ṣubú, ó sì wó lé e lẹ́sẹ̀. Egungun itan rẹ̀ ṣẹ́. Ẹ̀yin ará, nígbà tí wọ́n pè mí, n kò mọ ìgbà tí mo fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ, tí mo sì sáré jáde láì wọ bàtà.

Ní ilé ìwòsàn ní Ọ̀yọ́, dókítà tó tún ẹsẹ̀ náà tò sọ fún mi pé, "Ìyá, ẹ dúpẹ́ pé ẹ̀mí wà. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ yìí kanlẹ̀ ní gbogbo sáà yìí. Kó máa fẹ̀yìn lélẹ̀ ni."

Mo ní, "Ilé-ìwé rẹ̀ ńkọ́, dókítà?"

Ó ní, "Ìyá, ilé-ìwé kò ní sá lọ."

Ṣùgbọ́n ọdún tí Fúnmi wà nígbà náà ni wọ́n ń wo àwọn tó yẹ kó bọ́ sí kíláàsì àṣekágbá. Bí kò bá ní máàkì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò lọ, òun yóò kù sẹ́yìn. Ẹkún ló ń sun lórí ibùsùn.

Ẹ yin Olúwa! Olúwa kò fi wá sílẹ̀. Tíṣà Akínọlá, tó ń kọ́ wọn ní kọ̀ǹpútà, wá wò ó nílé. Ó ní ilé-ìwé wọn ti dara pọ̀ mọ́ kíláàsì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn tíṣà láti oríṣiríṣi ìlú ti ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé púpọ̀ pa pọ̀.

Ó ní, "Màmá, fóònù yín yìí ti tó. Fúnmi á máa wo ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Nígbà tí kò lè dìde jókòó kọ̀wé, á tẹ ibí yìí, á fi ẹnu dáhùn. Ohùn rẹ̀ á lọ bá àwọn tó ń máàkì."

Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, "Ta ni wọ́n? A ò mọ ojú wọn, a ò mọ ilé wọn. Ṣé wọn ò ní máa bá ọmọ mi sọ ìsọkúsọ?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, báyọ́lọ́jì ni wọ́n ń kọ́ni, wọn ò wá ìyàwó."

Síbẹ̀, mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi wọ yàrá Fúnmi. Mo ti ibùsùn rẹ̀ sún mọ́ fèrèsé tó kọjú sí títì, nítorí ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń dúró. Gbogbo ìgbà tó bá ń kẹ́kọ̀ọ́, mo wà níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá gbé fóònù sẹ́nu láti dáhùn, mo dá ẹ̀rọ dúró kí ariwo rẹ̀ má baà dí i lọ́wọ́. Mo gbọ́ ọ! Mo gbọ́ bó ṣe ń ka iṣẹ́ ẹ̀dọ̀, iṣẹ́ kíndìnrín, iṣẹ́ ọkàn, bí omi ni.

Nítorí náà, ẹ wo bó ṣe rí lára mi nígbà tí ilé-ìwé ránṣẹ́ pè mí. Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé, màmá kan tí kì í ṣe eléré rárá, ní kí n jókòó.

Ó ní, "Ìyá Fúnmi, mo bá yín kẹ́dùn ẹsẹ̀ ọmọ yín. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí àwọn tó ń máàkì kọ síwájú orúkọ rẹ̀. Kò dáhùn. Kò dáhùn. Kò dáhùn. Láti òkè délẹ̀ ni. A ò lè gbé e wọ kíláàsì àṣekágbá pẹ̀lú èyí."

Mo ní, "Mà, mo jókòó tì í. Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ìyá ni yín. Kí lẹ ó tún sọ?"

Ẹ̀yin ará, wọ́n pè mí ní onírọ́ láì pè mí bẹ́ẹ̀. Mo rìn délé, n kò mọ ọ̀nà tí mo gbà.

Nígbà tí bàbá rẹ̀ ti Ìbàdàn dé láti ibi iṣẹ́, ó dúró tì í. Ó ní, "Fúnmi, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé o ń fi fóònù ṣeré ni?"

Ọmọ náà ní, "Dádì, mo dáhùn. Mọ́mì wà níbẹ̀."

"Kí ló wá dé tí wọn ò gbọ́ ọ?"

Ó kọjú sí ògiri. Láti ọjọ́ náà ni kò ti jẹun dáadáa mọ́. Nígbà tó ṣe, ó pè mí sún mọ́ ara rẹ̀. Ohun tó sọ, n kò lè gbàgbé rẹ̀ láé. Ó ní, "Mọ́mì, bóyá orí mi fara gbá nígbà tí mo ṣubú. Bóyá mo rò pé mò ń sọ̀rọ̀ gidi ni, kó jẹ́ pé ìrànrán ni mò ń rán. Bóyá ẹ̀yin náà kàn ń ṣàánú mi ni."

Áà! Olúwa! Ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ kò dùn mí tó èyí. Ẹsẹ̀ á jinná. Bí ọmọ kò bá gba orí ara rẹ̀ gbọ́ mọ́, kí la fẹ́ fi wo ìyẹn? Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù. Mò ń bi í ní orúkọ àwọn àǹtí rẹ̀, mò ń bi í pé kí la jẹ lánàá. Mo gbààwẹ̀. Mo ní, "Bàbá, má jẹ́ kí n sọ ọmọ yìí nù lójú mi báyìí."

Nígbà tí a padà lọ fún àyẹ̀wò ẹsẹ̀, mo sọ ohun gbogbo fún dókítà. Ó fi iná wo ojú Fúnmi, ó bi í ní ìbéèrè lóríṣiríṣi, ó sì ní kó ka nọ́ńbà láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ó wá wò mí, ó ní, "Ìyá, orí ọmọ yín pé. Ẹ má tún bi í léèrè orúkọ àǹtí rẹ̀ mọ́, ẹ ń dẹ́rù bà á. Ẹ lọ bá àwọn tó ní àwọn ò gbọ́ ọ, kí ẹ̀yin náà gbọ́ ohun tí wọ́n gbọ́."

Ẹ yin Olúwa! Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára bí àsọtẹ́lẹ̀.

Kò tíì sí ẹnì kankan nínú wa tó ronú bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo kúnlẹ̀ ní ọ́fíìsì igbákejì ọ̀gá. Mo ní, "Mà, n kò wá bẹ̀bẹ̀ máàkì. Ohùn ọmọ mi tó dé ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ jẹ́ kí n gbọ́." Ó pe Tíṣà Akínọlá. Tíṣà ṣí kọ̀ǹpútà, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Ohùn Fúnmi jáde ketekete: "Ẹ káàárọ̀ o, sà, tàbí mà. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ kú àìsí iná. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mi ò lè kúnlẹ̀ kí yín, ẹsẹ̀ mi ló ṣẹ́, ẹ̀yìn ni mo fi lélẹ̀. Olúwa á máa fún yín lókun, ẹ ò ní fi ẹsẹ̀ kọ. Sà, ìdáhùn sí ìbéèrè kìíní ni pé ẹ̀dọ̀…"

Ó tán. Ẹ̀rọ gé e síbẹ̀.

Tíṣà tẹ ìkejì. Bákan náà. Ìkẹta, bákan náà. Ẹ̀rọ náà kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, yóò gé e, yóò sì fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Fúnmi ti gbé fóònù sẹ́nu, kò rí ojú fóònù náà. Ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, èmi ń gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó wà lọ́hùn-ún, ìkíni nìkan ló dé ọ̀dọ̀ wọn. Lójú ọmọ náà, ẹni tó ń máàkì ìbéèrè kìíní lè má jẹ́ ẹni tó ń máàkì ìkejì, nítorí náà ó ń kí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Báwo ni yóò ṣe la ẹnu bá àgbà sọ̀rọ̀ láì kí i? Kì í ṣe ọmọ tí a tọ́ nílé wa nìyẹn.

Màmá tí kì í ṣe eléré yìí fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹ̀rín ni. Nígbà tó sọ ọwọ́ kalẹ̀, omi wà lójú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Fúnmi, ẹ dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

Tíṣà pe fóònù mi, tí mo fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ Fúnmi nílé. Ó ní, "Fúnmiláyọ̀, gbogbo ìkíni rẹ ni mo ti gbà, ti òní àti ti ọ̀la. Ìṣẹ́jú kan péré lo ní. Ìdáhùn nìkan."

Fúnmi ní, "Ẹ ṣé, sà. Ẹ kú…"

Tíṣà pariwo pé, "Ẹ̀dọ̀!"

Ó bú sẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó sì dáhùn. Ó dáhùn gbogbo rẹ̀! Màmá náà ń bi í léèrè, ó ń fèsì. Wọ́n kọ̀wé sí àwọn tó ń máàkì, wọ́n sì gbà kí ó tún ìdáhùn rẹ̀ fi ránṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ní àdúrà ọmọ náà ti ń wọ òun lára, àmọ́ wọn ò fún òun láyè láti fi máàkì sí àdúrà. Nígbà tí èsì jáde, Fúnmiláyọ̀ yege, ó sì ti wà ní kíláàsì àṣekágbá pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ògo ni fún Ọlọ́run!

Bàbá, tàbí ìyá, tó wà níbí, tí wọ́n ń sọ fún pé ọmọ rẹ kò mọ nǹkan kan, má kọ́kọ́ na ọmọ. Lọ bi wọ́n pé, "Kí lẹ gbọ́? Ẹ jẹ́ kí èmi náà gbọ́ ọ." Bí ìtìjú bá mú ọ, lọ. Bí wọ́n bá ní ìyá ni ọ́, kí lo fẹ́ sọ, lọ síbẹ̀síbẹ̀. Ọlọ́run tó bá mi lọ yóò bá ọ lọ.

Láàárọ̀ yìí, bí a ṣe ń múra ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní oyin kì í bàjẹ́ nítorí dídùn rẹ̀ ni. Fúnmi ní, "Rárá, Mọ́mì, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa." Ó ń ṣàlàyé pé omi inú rẹ̀ ló kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kòkòrò àìfojúrí kò lè gbé inú rẹ̀, kò sì gbà fún mi títí a fi dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ tó ní bóyá ìrànrán ni òun ń rán, òun ló ń bá mi jiyàn! Ẹ̀yin ará, mo jẹ́ kó borí. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa.