Eruku Orí Páànù

[Ọ́fíìsì rélùwéè ní Òṣòdì, oṣù Èrèlé, 1960. Látúndé, ọmọ yunifásítì ní Ìbàdàn, ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ṣubúọlá. Aago fóònù ń dún.]

OPERÉTỌ̀: Hello, Òṣòdì? Trunk call láti Ìbàdàn. Go ahead.

ṢUBÚỌLÁ: Háló?

LÁTÚNDÉ: Àǹtí mi! Ẹ káàsán. Ẹ kú ewu o, ìyá ìkókó! Olúwa á wò ó, á dá a sí—

ṢUBÚỌLÁ: Àmín. Ṣé kò sí? Ọkọ mi ní ìwọ ló ń pe ọ́fíìsì àwọn, pé kí n máa sáré bọ̀. Èmi tí ara ò tíì gbé.

LÁTÚNDÉ: Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, eruku ńkọ́?

ṢUBÚỌLÁ: Eruku wo?

LÁTÚNDÉ: Ti ọyẹ́. Ṣé ó pọ̀ lọ́dọ̀ yín?

ṢUBÚỌLÁ: Eku ilé gan-an ti hewú. Torí ọyẹ́ lo ṣe ń pe trunk call?

LÁTÚNDÉ: Orí páànù yín ńkọ́? Ṣé ẹnikẹ́ni ti gùn ún lọ gbá a?

ṢUBÚỌLÁ: Ta ló ń gbá òrùlé? Látúndé, ìwé yìí ti ń wọ̀ ọ́ lórí jù.

[Wáyà ń hó.]

LÁTÚNDÉ: —ìkómọjáde. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ṢUBÚỌLÁ: Ohùn rẹ ń já. Tún un sọ.

LÁTÚNDÉ: Mo ní lọ́túnla, tí ẹ bá ń kó ọmọ jáde, kí ìyá ọkọ yín má da omi sórí páànù o. Mo mọ̀ pé àṣà wọn ni, pé kí omi òrùlé kán sí ọmọ lára. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n—

ṢUBÚỌLÁ: Lọ́túnla wo?

LÁTÚNDÉ: Ọjọ́ kẹsàn-án. Mo kà á. Ṣebí ọmọ ọkùnrin—

ṢUBÚỌLÁ: Ta ló sọ fún ọ pé ọkùnrin ni?

LÁTÚNDÉ: Wáyà tí ẹ tẹ̀ sí mi…

ṢUBÚỌLÁ: Wáyà ní mo bímọ láyọ̀. Kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin ni. Ọjọ́ keje la sì ń sọ obìnrin lórúkọ. Òwúrọ̀ yìí ni.

[Wáyà ń hó.]

ṢUBÚỌLÁ: Látúndé? Ṣé o gbọ́ mi?

LÁTÚNDÉ: Mo gbọ́. Ṣé wọ́n da omi náà?

ṢUBÚỌLÁ: Wọ́n dà á. Ó ṣàn wálẹ̀ bí omi ẹrẹ̀. Mo gbé ọmọ sábẹ́ rẹ̀. Ó kán sí i lójú, ó yọ ahọ́n, ó lá a. Gbogbo ilé hó yèè. Wọ́n ní ọmọ tó bá ti mu omi òrùlé bàbá rẹ̀, ó ti dúró nìyẹn.

LÁTÚNDÉ: Ọlọ́run mi.

ṢUBÚỌLÁ: Kí ló wà nínú rẹ̀?

LÁTÚNDÉ: Ẹ rántí bọ́ǹbù tí Faransé ní àwọn fẹ́ dán wò nínú aṣálẹ̀ Sàhárà?

ṢUBÚỌLÁ: Mo gbọ́ ọ lórí asọ̀rọ̀mágbèsì. Ṣebí wọ́n ní ó jìnnà sí wa.

LÁTÚNDÉ: Wọ́n ti yìn ín. Apá ibẹ̀ náà ni ọyẹ́ ti ń kó eruku wá bá wa lọ́dọọdún, Àǹtí. Kò sí kọ́sítọ́ọ̀mù tó ń dá a dúró. Mo gbá díẹ̀ lójú fèrèsé mi, mo gbé e síwájú ẹ̀rọ kan tí a fi ń mọ̀ bóyá májèlé bọ́ǹbù wà nínú nǹkan. Ó yẹ kí ẹ̀rọ náà máa ta lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ń ta bí gúgúrú.

ṢUBÚỌLÁ: Hẹn.

LÁTÚNDÉ: Àǹtí?

ṢUBÚỌLÁ: Mo ń gbọ́.

LÁTÚNDÉ: Ẹ̀rù ò bà yín ni?

ṢUBÚỌLÁ: Kí n sunkún? Ẹkún mi ti tán sórí àwọn ọmọ méjì tó ti lọ. Ọwọ́ tí mo fi di fóònù mú yìí, àfi bí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ṣé á pa á?

LÁTÚNDÉ: Mi ò mọ̀.

ṢUBÚỌLÁ: Ìwọ tó máa ń já gbogbo àlọ́.

LÁTÚNDÉ: Àwọn ọ̀gá mi náà ò mọ̀. Ó lè má ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọmọ tuntun—

OPERÉTỌ̀: Ibadan, your time is up.

LÁTÚNDÉ: Extend it, please! Àǹtí, ṣé omi náà ṣẹ́ kù?

ṢUBÚỌLÁ: Ìkòkò kan. Ìyá ọkọ mi ló gbé e sábẹ́ òrùlé. Wọ́n ní òun la ó máa fi wẹ̀ ẹ́ títí á fi pé ogójì ọjọ́. Wọ́n ń wẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí mo jáde.

LÁTÚNDÉ: Ẹ lọ dà á nù!

ṢUBÚỌLÁ: Ẹni tó ti sin ọmọọmọ méjì, kí n lọ sọ fún wọn pé Faransé wà nínú ìkòkò?

LÁTÚNDÉ: Ẹ purọ́. Ẹ ní aláǹgbá kú sínú rẹ̀.

ṢUBÚỌLÁ: Aláǹgbá. Wọ́n á gba ìyẹn. Èyí tó ti wà lára ọmọ ńkọ́? Kí la fi ń fọ̀ ọ́ kúrò?

LÁTÚNDÉ: Omi. Omi púpọ̀ àti ọṣẹ.

ṢUBÚỌLÁ: Omi wo?

LÁTÚNDÉ: Ti kànga—

ṢUBÚỌLÁ: Kànga wa ò ní ìdérí. Táńkì rélùwéè, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ti inú àmù, kànga yẹn náà la ti fà á.

LÁTÚNDÉ: Ẹ dúró, ẹ jẹ́ n ronú—

ṢUBÚỌLÁ: Omi wo, Látúndé?

[Wáyà ń hó.]

ṢUBÚỌLÁ: Ṣé o gbọ́ mi? Mo ní omi wo?

[Fóònù já.]