Káàdì Táyé ní Bodè Ọ̀run

Ọjọ́ tí àwọn òyìnbó ń fa okùn ààlà láàárín ilẹ̀ wa àti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, èmi ni mo di ìdí okùn náà mú. Èmi ni mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sápá òsì díẹ̀, kó má baà gba inú ilé ìdáná ìyá mi kọjá. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó lọ wo ibi tí ààlà náà ti wọ́ lẹ́yìn Ìdírókò. Nítorí náà, ẹ̀yin ará nínú Olúwa, bí mo bá ń sọ̀rọ̀ bodè, ẹ fetí sílẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, kò sí òyìnbó tó fa okùn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Kẹ́hìndé ló gbé mi débẹ̀. Gbogbo yín mọ̀ ọ́n, òun àti Táyé ìkejì rẹ̀, àwọn ìbejì tó ń kọrin níwájú ìjọ wa. Kẹ́hìndé lóyún, oṣù rẹ̀ sì ti ń pé. Ọkọ rẹ̀ tó ń mọlé ní Àjàṣẹ́, lódìkejì ààlà, ní kó wá bímọ lọ́dọ̀ òun. Káàdì ìdánimọ̀ Kẹ́hìndé kò tíì jáde, ni Táyé bá ní, "Gba tèmi. Ta ló máa mọ̀? Ojú kan náà l'Ọlọ́run fún wa."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo pè é, mo ní, "Kẹ́hìndé, ìwọ ni ẹ̀gbọ́n. Báwo lo ṣe fẹ́ dé bodè kí o di àbúrò?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, àwọn tó ń fi káàdì òkú kọjá ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ Ajé ni mò ń lọ."

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì náà, inú ààwẹ̀ ni mo wà. Mo kúnlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbàdúrà fún un títí ohùn mi fi há, mo wá gbórí lé bẹ́ǹṣì. Oorun gbé mi lọ. Oorun ebi kọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Mo bá ara mi lójú ọ̀nà kan tó pupa bí epo. Ọkùnrin aláṣọ funfun kan dúró tì mí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Ó ní, "Àgbà, ìwé rẹ dà?"

Mo fà á yọ lápò. Ó wò ó, ó wò mí. "Ọjọ́ ọdún tuntun ni wọ́n bí ọ?"

"Ọ̀gá, akọ̀wé kóòtù ló fún mi lọ́jọ́ yẹn. Ìyá mi ní ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ni."

"Ọjọ́ òjò la kọ síbí. Máa tẹ̀ lé mi. Má fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni."

A dé pápá kan tí iná ń jó lábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ bí ẹyín iná lábẹ́ eérú. Àwọn èèyàn tò síbẹ̀, wọn kò lójú, wọn kò nímú, ibi tí ojú wọn ì bá wà tẹ́jú bí àwo. Mò ń gbọ́ ẹkún, n kò rí ẹnu. Mo ní, "Ojú wọn dà?" Atọ́nà mi ní, "Wọ́n fi yáni ní bodè. Àwọn tó yá a kò dá a padà."

Lẹ́yìn wọn, ọkùnrin kan ń sáré láàárín ilẹ̀kùn méjì. Láyé, ìwé ìrìnnà méjì ló ní, ìyàwó kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ààlà sì wà láàárín wọn. Ó kan ilẹ̀kùn kan, obìnrin dáhùn, "Jọ́ọ̀jì lọkọ tèmi." Ó kan èkejì, "Sámúẹ́lì lọkọ tèmi." Ilẹ̀ ń jó o lẹ́sẹ̀, kò lè dúró.

Mo rí ọ̀gá aṣọ́bodè kan tó máa ń gba ìwé tó pé lọ́wọ́ ẹni tí kò lẹ́nìkan, tó sì ń fi olúwarẹ̀ sórí ìkúnlẹ̀ nínú oòrùn. Òun ló kúnlẹ̀ wàyí, oòrùn ibẹ̀ kì í sì í wọ̀. Okùn iná nà síwájú rẹ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ kó gba abẹ́ rẹ̀, okùn á sọ̀kalẹ̀. Bó bá fẹ́ fò ó, á gòkè. "Ẹ dákun, ẹ jẹ́ n kọjá!" ló ń ké. Atọ́nà mi ní, "Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún un nìyẹn."

Ní òdìkejì ni mo ti rí ibi ìsinmi. Koríko tútù, omi tó mọ́, àwọn olóòótọ́ nasẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n á pe ìyá arúgbó kan lórúkọ àbísọ rẹ̀, á dáhùn, á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún pè é. Mo fẹ́ sáré lọ bá wọn. Atọ́nà mi ní, "Kò tíì kàn ọ́. Wo àárín."

Láàárín bodè ayé àti bodè ọ̀run, níbi tí kì í ṣe ilẹ̀ ẹnikẹ́ni, Kẹ́hìndé dúró, ó pọn ọmọ tuntun, ẹ̀jẹ̀ ìkúnlẹ̀ ṣì wà lára ìró rẹ̀. Oníbodè ọ̀run ní, "Orúkọ?" Ó na káàdì, ó ní, "Táyé." Wọ́n ní Táyé ṣì wà láàyè, padà sílé. Ó padà, oníbodè ayé ní Táyé wo, ṣebí a ti sin Táyé ní Àjàṣẹ́, ó ní èmi kọ́, Kẹ́hìndé ni mí, wọ́n ní ìwé rẹ dà, ó tún sáré padà, wọ́n tún lé e, ọmọ ń ké, wọ́n ní ọmọ ta ni, ó ní tèmi ni, wọ́n ní Táyé ni wọ́n kọ pé ó bí i, mo pariwo "Kẹ́hìndé o! Kẹ́hìndé!", ohùn mi jáde kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, iná ń bọ̀ lábẹ́ ilẹ̀, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, mo fẹ́ sáré, ẹsẹ̀ mi kò gbé.

Mo jí. Òógùn ti rin bẹ́ǹṣì.

N kò dúró bọ́jú. Mo lọ bá àwọn ìbejì nílé, mo ro gbogbo rẹ̀. Táyé pòṣé: "Bàbá, àlá ààwẹ̀ ni. Ẹ lọ jẹun."

Kẹ́hìndé kò rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ṣé èmi gan-an lẹ rí?"

"Ìwọ gan-an."

Ó fọwọ́ lé ikùn. Ó yọ káàdì nínú báàgì, ó fi lé Táyé lọ́wọ́. "Kí ọkọ mi máa bọ̀ níbí." Ọkọ náà sì ti dé.

Ẹ̀yin ará, ẹni tí ìwé ẹlòmíì wà lápò rẹ̀, kó dá a padà. Ẹni tó fi tirẹ̀ yáni, kó lọ gbà á. Àjàṣẹ́ ò jìnnà, ọ̀run ò sì jìnnà sí Àjàṣẹ́.

Kẹ́hìndé, ibi tí mo ti parọ́ nìyí, mo jẹ́wọ́ rẹ̀ níwájú ìjọ: ìwọ kọ́ ni mo rí. Obìnrin tó dúró láàárín, n kò mọ̀ ọ́n rí. Èmi ni mo fi ojú rẹ sí i, tí mo fi orúkọ Táyé sí i lẹ́nu, nítorí pé mo bá ọ sọ̀rọ̀ lójú ayé, o ò gbọ́. Ìyókù, mo rí i. Nígbà tí mo jí, obìnrin náà ṣì dúró, ọmọ ń ké lẹ́yìn rẹ̀, n kò sì mọ káàdì ẹni tó mú dání.