Ìyá Tó Ń Bú Orúnkún Rẹ̀

Nínú mọ́tò tó gbé wa láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ọ̀yọ́, àwọn ìyá aláta méjì jókòó síwájú mi. Èyí àgbà ń gbá orúnkún rẹ̀ tó wú.

"Orúnkún ọ̀lẹ! Wàá gbé mi dé ọjà Akẹ̀sán lónìí, o fẹ́, o kọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún fẹ́ ru apẹ̀rẹ̀ ata fẹsẹ̀ rìn láti gáréèjì? Ṣé ẹnu lẹ fi ń kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ yín ni?"

"Orúnkún ni."

"Ní ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́?"

"Òun náà ni, àbúrò."

"Ṣebí ẹ yọrí lójú fèrèsé mọ́tò lẹ́ẹ̀kàn, tẹ́ ẹ kí bíríkìlà tẹ́ ẹ ò mọ̀ rí kú iṣẹ́. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ fún yín láti kékeré, ẹ ò kí i rí."

Èmi náà wo orúnkún tèmi.

Èyí àgbà rẹ́rìn-ín títí. Ó fọwọ́ pa orúnkún náà: "O kú iṣẹ́ o, jàre. Má bínú."

Nígbà tá a dé gáréèjì, ó pe oníkẹ̀kẹ́ márúwá kan: "Akẹ̀sán. Àwa mẹ́rin ni."

"Ìyá, ẹ̀yin méjì ni mo rí."

"Èmi rèé, àbúrò mi rèé, orúnkún mi méjèèjì rèé."