Korobá tí Wọn Kò Dojú Rẹ̀ Dé fún Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ sọ fún mi, báwo ni wọ́n ṣe ń kí ẹni tí ọmọ ìyá rẹ̀ gbẹ̀mí ara rẹ̀? Àwa Yorùbá náà la ní ìkíni fún oòrùn, tí a ní fún òjò, tí a ní fún ẹni tó jókòó àti ẹni tó dúró. Arúgbó kú, a ní ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ọ̀dọ́ kú, a ní ẹ kú ìrọ́jú. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àkàndé, àbúrò mi kan ṣoṣo, fọwọ́ ara rẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó rí ìkíni kan kí mi. Ọ̀rọ̀ náà ti ń tán lọ nínú mi kí èyí tó wà nílẹ̀ báyìí tó tún jí i.

Oko adìyẹ kan lọ́nà Ìyànà Ọ̀fà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwa obìnrin là ń ṣa ẹyin, tí à ń nù ún, tí à ń tò ó sínú kíréètì. Mi ò pẹ́ ní kíláàsì; Bíbélì àti bébà tí wọ́n fi ń di àkàrà ni mo fi kọ́ ìwé kíkà, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ mi bá le, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Àkàndé ló ń fi ọ̀kadà rẹ̀ gbé mi wá láràárọ̀. Ìyàwó ló ń pe gbogbo obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́, títí kan Ìyá Ráfíù, àgbà wa tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tí wọ́n sì máa ń dá a lóhùn pé, "Ọkọ tí ò nílé, ibo lo fẹ́ gbé mi sí?" Oko wa ní àṣà kan. Bí òṣìṣẹ́ bá ṣòfò, tó sì padà sẹ́nu iṣẹ́, kò ní fọwọ́ kan ẹyin lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n á dojú korobá dé láàárín wa, wọ́n á ní kó jókòó lé e, a ó máa ṣiṣẹ́ yí i ká, kálukú á máa sọ ohun tó rántí nípa ẹni tó lọ, ẹ̀rín á pọ̀ mọ́ ẹkún títí iṣẹ́ á fi parí. Èmi fúnra mi ti dojú korobá dé fún èèyàn, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Lọ́jọ́ tí èmi padà, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn wọlé. Gbogbo korobá ló kọjú sókè, omi kún inú wọn. Mo kí wọn, wọ́n dáhùn bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun, wọ́n gbájú mọ́ ẹyin. Mọ́níjà wa, ọmọ ìjọ Áńgílíkà tó kàwé dáadáa, pè mí, ó ní òun ti gbé mi lọ sí ilé òròmọdìyẹ lẹ́yìn oko, kí n lè dá wà, kí n sinmi. Ó rò pé inú rere ni. Inú rere kẹ̀! Ta ló sọ fún un pé ẹni tí ilé rẹ̀ ti dá ń wá ibi tó tún dá jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ṣé àrùn tó ń ràn ni ikú àbúrò mi ni? Òròmọdìyẹ ń ké, èmi náà ń ké. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: mò ń rí àwọn obìnrin tí Àkàndé ń pè níyàwó, tí wọ́n ń yí gba ẹ̀yìn ilé kí wọ́n má bàa kọjá lọ́dọ̀ mi.

Nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo já wọ àárín wọn lẹ́nu iṣẹ́, Mọ́níjà náà wà níbẹ̀. Mo ní, "Àkàndé ló kú. Èmi ò tíì kú. Ẹ kí mi." Mọ́níjà ní ẹ̀rù ló ń ba òun, pé bí òun bá dárúkọ rẹ̀, òun á tún ọgbẹ́ mi dá. Mo ní ọgbẹ́ tí wọn ò ṣí wò ló ń kẹ̀.

Ìgbà náà ni Ìyá Ráfíù dìde. Wọ́n da omi korobá wọn nù, wọ́n dojú rẹ̀ dé. Mo fẹ́ jókòó, wọ́n fọwọ́ dá mi dúró, àwọn fúnra wọn ló jókòó lé e. Wọ́n ní, "Làmídì ni wọ́n ń pe bàbá mi. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi lọ, mo ṣì kéré. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ wọn mọ́ nínú agbo ilé wa. Èmi náà ò pè é rí, àfi lónìí." Wọ́n wá sọ bí bàbá náà ṣe máa ń súfèé pe ewúrẹ́ rẹ̀, tí ewúrẹ́ gbogbo abúlé á sì sáré dé, tí àwọn aládùúgbò á máa bú u. Wọ́n sọ ọ́ tán, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ara mi bù máṣọ. Ojú tí mo ti ń wò láti ọdún pípẹ́ wá, mi ò rí ọmọdébìnrin tó wà nínú rẹ̀ rí. Orúkọ tí wọ́n gbé mì láti kékeré jáde lẹ́nu àgbàlagbà, kò bàjẹ́, kò ṣá! Ẹ̀rù bà mí, irú ẹ̀rù tó máa ń bà mí nínú ilé Ọlọ́run nígbà tí gbogbo ìjọ bá dákẹ́.

Wọ́n sún díẹ̀, wọ́n ní kí n jókòó ti àwọn. Àwa méjì wà lórí korobá kan. Ẹnìkan ní Àkàndé gbé òun àti ọmọ òun lọ sọ́sibítù nínú òjò. Òmíràn ní kò mọ orin kọ, síbẹ̀ orin rẹ̀ kì í jẹ́ káyé sinmi. Mọ́níjà bọ́ sídìí kíréètì mi, ó ń to ẹyin, ó ń fọ́ ọ, a ń fi í rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú òun náà.

Orúnkún ti dá Ìyá Ráfíù dúró sílé báyìí. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, Sùnmọ́nù tó ń bọ́ adìyẹ á padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí Àkàndé ṣe lọ ni ìyàwó Sùnmọ́nù náà ṣe lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ tuntun ti ń sọ pé èèwọ̀ ni, ká má dá sí i. Mo ti fọ korobá. Ṣùgbọ́n Sùnmọ́nù kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Bóyá kò fẹ́ kí ojú pọ̀ lára òun, mi ò sì fẹ́ fipá tù ú nínú bí wọ́n ṣe fipá dá mi wà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n kọ́kọ́ bi í léèrè ní kọ̀rọ̀ ni, àbí kí èmi kàn jókòó lé korobá náà, kí n dárúkọ Àkàndé, kí n sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi?