Epo Tí Mo Fi Nu Mọ́tò Onílé Mi

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹrù kan wà lórí mi tí kò jẹ́ kí n lè yí ọrùn. Mo ti ń rù ú láti ìgbà tí àwọn sójà ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba fún alágbádá. Ìyàwó mi kò mọ̀. Pásítọ̀ mi kò mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ orúkọ mi ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún, nítorí ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ gbéyàwó, ọ̀rọ̀ yìí sì ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà tí ìyàwó máa gbà wọlé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Bàrígà ni mò ń gbé nígbà náà, nínú yàrá kan nílé ọkùnrin kan tí mo máa pè ní Onílé. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ṣómólú, òun náà ni mo ṣì ń ṣe dòní. Onílé ní mọ́tò Pijó kan tó ti dàgbà, ṣùgbọ́n ojú Onílé kò ríran dáadáa mọ́, èmi ni mo máa ń bá a wà á tí mi ò bá lọ síbi iṣẹ́. Kò fún mi ní nǹkan kan, àfi pé tí àwọn ayálégbé bá tò sídìí kànga, wọ́n máa ní kí n kọ́kọ́ fa tèmi.

Nígbà tí wọ́n ní ìbò ń bọ̀, Onílé ní òun fẹ́ ṣe káńsẹ́lọ̀. Ẹni tó ń bá a du ipò náà ni Tíṣà. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ ni, ó máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìnnì lẹ́yìnkùlé rẹ̀ nírọ̀lẹ́, kì í sì í bọ́ fìlà abetí-ajá kúrò lórí, ìbáà jẹ́ òjò, ìbáà jẹ́ oòrùn. Ká sọ òótọ́, Tíṣà ni mo fẹ́ dìbò fún. Òun ni gbogbo ilé wa fẹ́ dìbò fún, títí kan ìyá tó bí Onílé.

Onílé mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò dùn lẹ́nu òun. Ó ní mọ́tò ló máa bá òun sọ̀rọ̀. Ó gbé Pijó lọ kùn ní ọ̀dà funfun, ó ń dán débi pé ẹ lè máa wò ó fá irùngbọ̀n. Ó wá kìlọ̀ fún mi, ó ní, "Lọ́la la máa gbé e yí àdúgbò ká, láti Abúlé Òkúta títí dé Àkọkà. Gbọ́ o, má gbé e sábẹ́ igi fúrúùtù. Ọ̀dà yẹn kò tíì gbẹ dénú."

Ẹ̀yin ará Èkó ẹ mọ igi fúrúùtù, èyí tí àwọn ọmọ iléèwé máa ń sọ lókùúta nítorí èso rẹ̀. Ọ̀kan wà níwájú ilé wa, òjìji rẹ̀ tutù bí ilé ìyá ẹni. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, oòrùn sì mú gan-an. Mo ní kí n kàn gbé mọ́tò sábẹ́ rẹ̀ díẹ̀, kí n na ẹ̀yìn, kí n rẹjú. Ìrẹjú di oorun. Nígbà tí mo máa jí, oje igi àti omi èso ti kán sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó rí bí ojú oníṣàṣá.

Mo fi omi fọ̀ ọ́, kò lọ. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ṣe ló tún ń dán sí i. Mo fi èékánná ha á, èékánná ló kán.

Ìyá Àgbà, ìyá Onílé, jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí, ó sì ń wò mí. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, omi kì í mú oje. Epo ni kó o fi pa á. Fi epo pa á, fi sílẹ̀ díẹ̀, kó o wá fi àkísà nù ún."

Mo ní, "Epo, ìyá?"

"Epo ni mo wí. Àbí etí rẹ ti di ni?"

Ó kó ẹ̀gúsí rẹ̀, ó wọlé lọ kírun.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ojú àánú wo ibí yìí. Atẹ̀wé ni mí. Nídìí iṣẹ́ tiwa, tí ẹnì kan bá ní "ẹ gbé epo wá", kò sí ẹni tó máa ronú kan ọbẹ̀. Epo bẹntiróò ni. Òun la fi ń fọ yíǹkì lára ẹ̀rọ, òun la fi ń fọ ọwọ́ ká tó jẹun. Mo wọ yàrá mi, mo gbé kẹ́ẹ̀gì epo tí mo tọ́jú jáde, mo dà á sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹni ń bu omi fún àlejò. Mo fi sílẹ̀ díẹ̀ bí Ìyá ṣe wí. Mo fi àkísà nù ún.

Àbàwọ́n lọ. Ọ̀dà tẹ̀ lé e.

Èyí tó kù hun jọ bí awọ orí ògì tó ti tutù. Mo fi omi ṣan án títí òórùn epo fi lọ, mo gbé kẹ́ẹ̀gì pamọ́, mo wá dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbìn.

Ìyàwó Onílé ló kọ́kọ́ dé. Ó wo mọ́tò, ó wò mí, ó káwọ́ lérí. Ó ní, "Ásíìdì. Wọ́n ti da ásíìdì sí mọ́tò ọkọ mi."

Èmi kọ́ ni mo pè é ní ásíìdì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ìyẹn sí. Ṣùgbọ́n mi ò sọ pé kì í ṣe ásíìdì.

Onílé jáde. Kò pariwo. Ó rọra bi mí pé, "Ta lo rí?"

Mo ní, "Mo sùn díẹ̀, sà. Nígbà tí mo máa lajú, ẹnì kan ń lọ."

"Kí ló wọ̀?"

Mo ní, "Ó dé fìlà."

"Irú fìlà wo?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, fìlà pọ̀ láyé. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Tí mo bá ní fìlà ìrun ni, ìdajì àdúgbò ló dé e lọ́jọ́ yẹn, kò ní bá ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ní, "Ó dà bí ẹni pé ó ní etí."

Wọn ò bi mí ní nǹkan kan mọ́.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Onílé kò tún mọ́tò kùn. Ó ní kí n wà á bẹ́ẹ̀. Tí a bá dé ìkóríta, ó máa sọ̀ kalẹ̀, ó máa na ọwọ́ sí bọ́nẹ́ẹ̀tì: "Ẹ wo ohun tí wọ́n fi mọ́tò mi ṣe. Tí wọ́n bá wá dépò, kí ni wọ́n máa fi ojú yín ṣe?" Àwọn obìnrin á máa pòṣé. Wọ́n ya fọ́tò bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn, wọ́n fi ṣe pósítà. Ta ló tẹ̀ ẹ́? Èmi náà ni, ní Ṣómólú, ó sì mọ́lẹ̀ rekete. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ tán, mo fi epo fọ ọwọ́ mi.

Onílé wọlé. Gọ́tà kan ṣoṣo ló gbẹ́ ní gbogbo ìgbà tó fi ṣe káńsẹ́lọ̀. Iwájú ilé rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ ló parí sí.

Ibi ọ̀rọ̀ Tíṣà ni ẹ̀rín ti ń kú mọ́ mi lẹ́nu. Àwọn ọmọdé sọ ọ́ ní Tíṣà Ásíìdì. Àwọn òbí kó ọmọ wọn kúrò ní lẹ́sìnnì rẹ̀ títí tó fi ku bẹ́ǹṣì nìkan. Ó wá bá Onílé, ó ní òun ṣe tán láti búra. Onílé ní kó lọ búra fún mọ́tò. Mo wà níbẹ̀, mò ń nu dígí. Kò pẹ́ sígbà náà ni Tíṣà kó lọ sí Ìgbóbì. Ìyá Àgbà nìkan ni kò yéé lọ kí i.

Ọjọ́ kan lẹ́yìn ìbò ni Ìyá pè mí. "Oje ọjọ́ yẹn, ṣé o fi epo pa á?"

"Mo fi pa á, ìyá."

"Ó yẹ kó lọ o. Lóko wa, tí a bá gé ọ̀gẹ̀dẹ̀, epo pupa la fi ń pa ọwọ́. Oje kì í dúró níwájú epo pupa."

Epo pupa. Mo fìdí jókòó. Ìyá wò mí títí, ó ní, "Èwo lo fi pa á?"

Mo ní wọ́n ń pè mí níta. Kò sí ẹni tó ń pè mí. Ìyá kò bi mí mọ́ títí tó fi kú.

Báyìí, ọmọ mi ní òun ti rí ẹni tí òun máa fẹ́, Àkọkà ni wọ́n ti pàdé níbi tí wọ́n ti ń kàwé. Nínú gbogbo ọmọbìnrin tó kún Èkó, ọmọ Tíṣà ni.

A lọ mọ àwọn òbí rẹ̀ ní Ìgbóbì. Irun Tíṣà ti funfun, fìlà ṣì wà níbẹ̀. Ó dì mọ́ mi, ó ní, "Ará àdúgbò àtijọ́." Nígbà tí wọ́n ní kó sọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ̀yin àna wa, kò sí olè nílé wa. Ẹ̀sùn kan ṣoṣo ló wà lọ́rùn mi, wọ́n ní mo da ásíìdì sí mọ́tò. Mi ò dà á. Tí ẹnì kan nínú yín bá gbà pé mo dà á, kó sọ ọ́ báyìí, kí àwọn ọmọ má bàa gbọ́ ọ lọ́jọ́ ìjà."

Ìyàwó mi ló yára dáhùn. "Áà, Bàbá, ta ló máa gbà á gbọ́? Ẹni burúkú ló purọ́ yẹn mọ́ yín. Ọlọ́run á mú un."

Gbogbo ilé ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín.

Tíṣà sìn wá dé ìdí mọ́tò mi. Abẹ́ igi fúrúùtù kan ni mo gbé e sí, ọkàn mi kò sí níbẹ̀ nígbà tí a dé. Ó wo bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Oje ti kán sí i. Tẹ́ ẹ bá délé, epo ni kẹ́ ẹ fi nù ún." Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Epo pupa o."

Mi ò mọ̀ bóyá ìmọ̀ràn lásán ni, àbí Ìyá Àgbà ti bá a sọ nǹkan kó tó kú. Ojú rẹ̀ kò sọ fún mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ìdána ti sún mọ́lé. Tí mo bá jẹ́wọ́, ó lè gba ọmọ rẹ̀ padà, ọmọ tèmi kò sì mọwọ́mẹsẹ̀. Tí mi ò bá jẹ́wọ́, ọmọ tí mo ba orúkọ bàbá rẹ̀ jẹ́ ló máa máa kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀. Ọmọ mi àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló máa dọ̀bálẹ̀ fún Tíṣà lọ́jọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ èmi gan-an ló yẹ kó wà nílẹ̀. Ṣé kí n lọ bá a ṣáájú, àbí kí n jẹ́ kí wọ́n so wọ́n pọ̀ ná?

Àbàwọ́n yẹn ṣì wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mi. Ìyàwó mi ń bi mí pé, "Dádì, kí ló dé tẹ́ ẹ ò fẹ́ nù ún?" Ìgò epo pupa wà ní ilé ìdáná. Mo máa ń gbé e dé ìdí mọ́tò, mo máa ń gbé e padà.