Abẹ́rẹ́ Auduga Tí Mo Pín sí Méjì

Ọmọ mi kì í jẹ́ kí abẹ́rẹ́ kan ara rẹ̀ mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nọ́ọ̀sì mẹ́ta ló dì í mú lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù kí wọ́n tó rí iṣan rẹ̀. Ó ń pariwo ní èdè Hausa pé, “Ba na so! Allura ta kashe Auduga!” Òun ò fẹ́, abẹ́rẹ́ ló pa Auduga. Gbogbo ẹni tó wà ní wọ́ọ̀dù yíjú sí mi, wọ́n rò pé ọmọ mìíràn tí mo bí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo dorí kodò. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ajá ni Auduga, ajá kékeré funfun kan. Òwú ni ìtumọ̀ orúkọ yẹn lẹ́nu àwọn Hausa. Abẹ́rẹ́ kọ́ ló sì pa á. Èmi ni mo pa á, èmi náà ni mo purọ́ mọ́ abẹ́rẹ́. Ó ti ń lọ sí oṣù mẹ́ta báyìí tí ọ̀rọ̀ náà ti há mi lọ́fun, mi ò lè gbé e mì, mi ò lè pọ̀ ọ́.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ṣùgbọ́n Sabon Gari nílẹ̀ Hausa níbí ni wọ́n bí mi sí. Oúnjẹ ni mò ń sè fáwọn tó ń ṣe ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó. Kò sí ohun tí mi ò lè pín! Ẹ gbé ìkòkò ìrẹsì kan fún mi, kí ẹ ní igba èèyàn ló ń bọ̀, á kárí. Adìẹ kan lọ́wọ́ mi, á di ẹran mẹ́rìndínlógún, ẹ ò sì ní gbọ́ kí ẹnì kankan kùn. Mo máa ń fi yangàn ni. Àánú ni ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde sì wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá tọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí mọ ohun tí mò ń wí: á máa rẹ́rìn-ín láàárọ̀, nígbà tó bá fi máa di ọ̀sán, egungun á ti máa ro ó, ẹ ó ti máa sáré wá ẹni tó máa gbé yín dé ọsibítù. Kì í lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré kiri. Ìdí nìyẹn tí bàbá rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ ẹrù, fi ra ajá yìí bọ̀ láti Jos, irú èyí tí kì í tóbi ju ológbò lọ. Ọmọ tí kì í fẹ́ jẹun tẹ́lẹ̀ wá ń jẹun, torí ó ní Auduga ò ní jẹ tiẹ̀ bí òun ò bá jẹ. Yorùbá ò wọ́pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, mo bá sọ Yorùbá, á fi Hausa dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n Yorùbá ló máa ń sọ sí ajá yẹn létí. “Jókòó. Má lọ síta. Mo fẹ́ràn ẹ.”

A gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran kan ní Hotoro, ọ̀dọ́mọbìnrin oníwà pẹ̀lẹ́. Ó gún un ní àkọ́kọ́ nínú abẹ́rẹ́ àjẹsára tí kì í jẹ́ kí àrùn ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ pa ọmọ ajá, ó ní ká jókòó ná kí òun wò ó. Ó kọ ọjọ́ sínú káàdì: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, abẹ́rẹ́ kejì; ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, ẹ̀kẹta. Ó kìlọ̀ pé títí a ó fi parí rẹ̀, Auduga ò gbọdọ̀ tẹ ìta, kò sì gbọdọ̀ bá ajá ẹlòmíì ṣeré. A délé, ara ajá rọ̀, kò jẹun títí ilẹ̀ fi mọ́, Àánú sì sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Mo padà lọ bi dókítà pé ṣé irú abẹ́rẹ́ kan náà ló ń gún àwọn ajá ńlá? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ìwọ̀n kan náà ni, wọn kì í wo títóbi ara. Ó ní bó bá tún rẹ̀ ẹ́ nígbà míì, kí n gbé e bọ̀ kíá, òun mọ ohun tí òun máa ṣe, ṣùgbọ́n kí n má gbà kí ẹnikẹ́ni dín in kù. Mo ní mo ti gbọ́. Nígbà tí mo jáde, mo pòṣé. Ọmọdé yìí ló fẹ́ kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń wọn nǹkan!

Dídápọ̀ la fi ń gbé Sabon Gari. Obìnrin mẹ́rin á dá a pọ̀ ra àpò ìrẹsì kan, a ó fi mudu, abọ́ tí wọ́n fi ń wọn nǹkan lọ́jà, pín in. Bí ọdún bá dé, ìdílé mẹ́fà á pín màlúù kan, kálukú á gbé ìpín tiẹ̀ lọ. Ìyá Dárà, tá a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ajá kékeré tiẹ̀ náà. Nígbà tí ọjọ́ abẹ́rẹ́ kejì pé, mo ní, “Ìyá Dárà, ẹ jẹ́ ká dá a pọ̀. Ìgò kan ti tó àwọn méjèèjì.” Inú rẹ̀ dùn. A gba ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta oògùn ẹran ní àdúgbò Noman's Land lọ. Ó wò wá lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, “Madam, ìgò kan, ajá méjì?” Mo ní, “Ṣé ìwọ náà ò rí bí wọ́n ṣe tó ni?” Ó pín in, ó gún wọn, ó kọ ọ́ sínú káàdì. Auduga ò rọ̀ lọ́jọ́ náà, ńṣe ló ń fò káàkiri ilé. Mo ní kí Àánú wá wo ọgbọ́n àgbà.

Iṣẹ́ ìgbéyàwó ńlá kan bọ́ sí ọjọ́ abẹ́rẹ́ kẹta. Mo ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé, mi ò rántí mọ́. Mo tilẹ̀ ń jẹ́ kí Àánú gbé e lọ bá ajá Ìyá Dárà ṣeré, ṣebí wọ́n ti gba abẹ́rẹ́? Ajá Ìyá Dárà ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Kí wọ́n tó sin ín, Auduga ti ń ya ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, òórùn yẹn ò tíì kúrò nímú mi. Mo gbé e sáré lọ sí Hotoro. Dókítà fi omi sí i lára, ó wo káàdì, ó rí ìkọ̀wé tí kì í ṣe tiẹ̀. Ó bi mí jẹ́jẹ́ pé, “Mama, ṣé wọ́n gún un ní odidi?” Àánú di aṣọ mi mú, ó ń wojú mi. Mo ní, “Odidi ni.”

Ọjọ́ kẹta ló kú. Àánú ní kí ló pa á. Ìtìjú bò mí, ẹnu mi sì yá ju ọkàn mi lọ. Mo ní, “Abẹ́rẹ́ dókítà yẹn ló pọ̀ jù fún un.” Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ṣé mo rántí pé abẹ́rẹ́ ló ń gba ẹ̀mí ọmọ tèmi là? Mi ò rántí! Àṣírí ara mi nìkan ni mò ń bò.

Lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo mọ̀ pé irọ́ yìí lè pa ọmọ náà. Lánàá, lẹ́yìn tá a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo pè é jókòó, mo sì jẹ́wọ́. Mo ní abẹ́rẹ́ ò ṣe nǹkan kan, èmi ni mo pín in sí méjì, dókítà ti kìlọ̀ fún mi. Mo rò pé á sunkún, tàbí kó gbá mi. Kò ṣe méjèèjì. Ó gbójú sókè, ó sì fi Yorùbá bá mi sọ̀rọ̀.

“Oògùn tèmi ńkọ́, Mummy? Ṣé ẹ máa ń pín in náà?”

Mo ní màá dá a lóhùn tó bá yá. Nítorí mo máa ń pín in. Oògùn tí wọ́n ní kó máa lò lójoojúmọ́, èmi ni mo wò ó pé ara rẹ̀ kéré, èmi ni mò ń fi ọ̀bẹ ìdáná ṣẹ́ ẹ sí méjì, ó ti lé lọ́dún kan. Bí egungun bá ń ro ó, màá ní ọyẹ́ ni. Mi ò sọ fún bàbá rẹ̀, mi ò sọ fún dókítà.

Ẹ̀yin abiyamọ, bí dókítà bá ní ẹ fún ọmọ ní odidi, ẹ fún un ní odidi. Ẹ má fi ọgbọ́n ìkòkò wọn oògùn. Ìmọ̀ràn ni mò ń tọrọ báyìí. Ọjọ́bọ̀ la máa padà sí ọsibítù, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tún gún un. Bí mo bá sọ òótọ́ nípa oògùn rẹ̀ fún un, ṣé á tún gba nǹkan kan jẹ lọ́wọ́ mi? Bí mo bá sì tún purọ́ ńkọ́? Láti àná ni mo ti sọ fún un pé màá dá a lóhùn. Ó ṣì ń dúró.